Ọ̀gá Panápaná Tó Fòfin De Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá, ẹ dúró lọ́hùn-ún, kí itọ́ má bàa ta sí yín láṣọ, nítorí inú ń bí mi. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ọ̀gá ilé iṣẹ́ panápaná, tó lọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ aṣáájú fún ọjọ́ méjì péré ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Báàgì awọ kan ló gbé bọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ife ìmutíì tí wọ́n kọ "Aṣáájú" sí lára, àti àìsàn kan tí kò lóògùn.

Ọ̀pá Ẹ̀bìtì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba orúkọ náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ kó má fi "Iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí!" kádìí rẹ̀. Wọ́n á kí i káàárọ̀, ohun tó máa dáhùn nìyẹn. Wọ́n á ní epo ti tán nínú ọkọ̀, ohun tó máa dáhùn náà nìyẹn. Kò rò ó rí pé pańpẹ́ ni ẹ̀bìtì, àti pé bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti ré, ẹnì kan ti bá a lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń pa iná fún ẹni tí kò mọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ́n omi sí iná, bó bá gbẹ, ọmọdé lè wọ́ ọ kiri. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, á máa ta, á máa jà bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Nítorí náà ẹnì kan máa ń wà níwájú tó ń darí ẹnu rọ́bà, ẹnì kejì á dúró gbágbá lẹ́yìn rẹ̀, á fi èjìká tì í, á sì fi apá méjèèjì di rọ́bà mọ́ra. Ẹni iwájú ni ayé máa ń rí. Ẹni ẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kó ṣubú.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọ̀pá Ẹ̀bìtì yìí gan-an, ẹni ẹ̀yìn ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn àgbà ibi iṣẹ́ jẹ́rìí pé bó bá ti wà lẹ́yìn èèyàn, ọkàn onítọ̀hún á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó ní kí wọ́n yọ gbogbo fọ́tò tó wà lára ògiri. Nínú gbogbo wọn, orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ lẹ́bàá èjìká ẹlòmíràn. Ó ní eruku ti bò wọ́n. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì í.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ipò Ọ̀gá Àgbà gbogbo panápaná orílẹ̀-èdè náà ṣófo, Mínísítà ló sì máa yan ẹni tó máa dé ibẹ̀. Ọ̀pá Ẹ̀bìtì fẹ́ ipò náà débi pé ó ti ní kí télọ̀ rán aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, á wọ aṣọ náà, á dúró síwájú dígí, á sì máa kí ara rẹ̀ bí ológun. Ó máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn pẹ̀lú.

Kí Mínísítà lè mọ irú ẹni tó jẹ́, ó sọ àkọ́dì tí wọ́n ti ń sá rọ́bà di Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga fún Ìmọ̀ Aṣáájú. Wọ́n kó rọ́bà sí ìta, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n ta kọ́tíìnì olówó gọbọi sójú fèrèsé. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ dá oòrùn dúró, "kí ni aṣáájú?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló ń bi.

"Aṣáájú ni ẹni tó wà níwájú! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé ẹ ti rí imú tó wà ní ìpàkọ́ rí? Ṣé oòrùn ń tẹ̀lé ẹnikẹ́ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí, n kò tẹ̀lé èèyàn rí láyé mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi pàápàá, orí mi ló kọ́kọ́ jáde!"

Dírẹ́bà tó ń wa ọkọ̀ panápaná ló kọ́kọ́ fò dìde. Ọkùnrin yìí lè yin òkúta títí òkúta á fi ní kó dákẹ́. "Háà! Orí ló kọ́kọ́ jáde!" ló ń ké. "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ tún un sọ, kò tíì kún etí mi!" Ó bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni o. Ó ní àwọn ọmọ nílé ìwé, ẹkún sì ni ọ̀nà ìgbéga kan ṣoṣo tó mọ̀.

Inú Ọ̀pá Ẹ̀bìtì dùn débi pé ó pín oyè lójú ẹsẹ̀. Ó ní kò sí ọmọ ẹ̀yìn mọ́ níbẹ̀, aṣáájú ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń lu agogo di Aṣáájú Agogo, ẹni tó ń gbé àkàbà di Aṣáájú Àkàbà. Dírẹ́bà di Aṣáájú Ìrìn-Àjò, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti fọ ọkọ̀ mọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ di Aṣáájú Ìgbálẹ̀. Òun náà sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ní iṣẹ́ aṣáájú ni kó máa fi ọwọ́ júwe ibi tí ìdọ̀tí wà. Ìdọ̀tí sì wà níbi gbogbo, nítorí náà iṣẹ́ pọ̀ fún un gan-an.

Lẹ́yìn èyí ló wá gbé òfin ńlá jáde. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn rọ́bà. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Igbákejì rẹ̀, obìnrin tó kàwé dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi pariwo, ló na ọwọ́ sókè. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Bí gbogbo wa bá wà níwájú, ta ló máa di rọ́bà mú?"

"Ìgboyà ló máa dì í mú."

"Ìgboyà ò lọ́wọ́, Ọ̀gá."

Ọ̀pá Ẹ̀bìtì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ wo arábìnrin yìí. Ẹ̀yìn ló kún ọkàn rẹ̀. Iwájú ò lè gba irú wọn."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dúró síbẹ̀. Ọdún tí mo wọ iṣẹ́ ni. Ẹ ní kí n fẹsẹ̀ rinlẹ̀, kí n má sì jẹ́ kí ẹni iwájú mi wẹ̀yìn."

Òógùn sọ ní imú ọ̀gá. Ká ní Igbákejì pè é lólè, kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó ní Igbákejì ti fìdí rẹmi nínú ìmọ̀ aṣáájú, àti pé lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, géètì ni kó lọ máa ṣọ́. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ bá mi wo ọrùn ọkùnrin yìí, ẹ̀yin èèyàn, bóyá ẹ̀yin lè rí ohun tó so mọ́ ọn.

Ẹ lè bi mí pé ṣé wọn kò fi omi dán òfin tuntun yìí wò ni. Wọn kò fi omi dán an wò. Omi ń ba bàtà dídán jẹ́. Gbígbẹ ni wọ́n ń gbé rọ́bà, gbogbo àwọn aṣáájú á rọ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á máa ké "Iwájú!", ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn bí okùn aṣọ. Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò, olúkúlùkù gun orí pẹpẹ, ó kígbe, wọ́n sì fi bí igbe rẹ̀ ṣe jìnnà tó gbé máàkì fún un. Dírẹ́bà ló gbégbá orókè. Ajá kan tó ń kọjá lọ ní òpópó gbọ́ igbe rẹ̀, kò sì padà gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Ọjọ́ ayẹyẹ pé. Ọ̀pá Ẹ̀bìtì mú ìyá rẹ̀ wá, ó ní kó jókòó ní ìlà iwájú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò nílé ló ti ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá, bí Mínísítà bá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dákun, ẹ má dárúkọ ìgbà tí mo fi wà lẹ́yìn rọ́bà."

"Kí ló dé? Èmi ni mo máa ń fi òróró pa èjìká yẹn fún ẹ. Gbogbo àdúgbò ni mo máa ń sọ fún."

"Ìyá, mo ní ẹ dákun."

Ìyá wò ó títí. "Mo gbọ́," ló wí.

Mínísítà dé. Aṣáájú Ìgbálẹ̀ júwe ibi tí mọ́tò rẹ̀ máa dúró, lábẹ́ òjìji Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga gan-an. Níwájú pẹpẹ ni wọ́n fi pákó kọ́ ilé kékeré kan sí, èyí tí wọ́n máa dáná sun kí àwọn aṣáájú tuntun pa iná rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ètò tó yẹ ni pé kí Ọ̀gá sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó dáná. Ṣùgbọ́n Ọ̀pá Ẹ̀bìtì ti bá onífọ́tò sọ ọ́: ó fẹ́ kí iná máa jó lẹ́yìn orí òun nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kí ó yọ nínú fọ́tò bí adé. Ó ní kí wọ́n gbé pẹpẹ yí padà, kí wọ́n sì ṣáná kí òun tó lanu.

"Ọlọ́lá jùlọ," ó bẹ̀rẹ̀, "igi lẹ́yìn ọgbà wa, odò tí kì í gbẹ, òjò tí kì í mọ ẹni ọ̀wọ̀, atẹ́gùn àlàáfíà! Kí n tó dúpẹ́ pé ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ pé wọ́n bí yín!"

Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ ẹkún nídìí ọkọ̀. Onífọ́tò ń ya fọ́tò. Iná mú pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ọ̀pá Ẹ̀bìtì sọ̀rọ̀ dé ìgbà èwe rẹ̀, ó sọ bó ṣe jẹ́ aṣáájú àwọn ọmọ tó ń ṣeré, ó sọ̀rọ̀ dé ojú àlá kan tí ìràwọ̀ ti ń kí i. Iná ti dé òrùlé ilé pákó. Èéfín ti ń mú Mínísítà húkọ́.

"Ẹ wo iná yẹn," ni Ìyá wí láti ìlà iwájú.

"Iná ìmọ̀ ni, Ìyá!" ni Ọ̀gá dáhùn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ ni atẹ́gùn ti fẹ́. Ògiri pákó kan wó, ahọ́n iná fò, ó kọ́ kọ́tíìnì olówó gọbọi tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, iná ti wọlé lọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbẹgẹdẹ gbiná.

Gbogbo àwọn aṣáájú ló sáré, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ojú kan náà ni gbogbo wọn sáré lọ. Kò sẹ́ni tó lu agogo, nítorí Aṣáájú Agogo wà níbi ẹnu rọ́bà. Kò sẹ́ni tó gbé àkàbà, nítorí Aṣáájú Àkàbà ń fi ìgúnpá ti Aṣáájú Agogo. Wọ́n rọ́ mọ́ ẹnu rọ́bà, ọwọ́ lé ọwọ́, wọ́n ń ké "Iwájú!" Ní ẹ̀yìn wọn, rọ́bà sùn lọ gbalaja nílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Dírẹ́bà nu ojú, ó tan pọ́ǹpù.

Omi dé. Rọ́bà gbéra nílẹ̀, ó gbá Aṣáájú Àkàbà lágbọ̀n, ó sọ Aṣáájú Agogo sókè. Ọkùnrin náà fi apá balẹ̀, apá kán, igbe tó ké sì jìnnà ju igbe ìdánwò lọ. Àwọn yòókù tú ká. Rọ́bà wá ku òun nìkan, ó ń fò kiri, ó fọ́n omi sí àwọn àlejò, ó sí fìlà lórí Mínísítà, ó rin Ìyá gbingbin. Ibi kan ṣoṣo tí omi kò dé ni ibi tí iná wà.

Igbákejì sáré fi géètì sílẹ̀. Ó wolẹ̀ mọ́ rọ́bà, ó gbá ẹnu rẹ̀ mú, rọ́bà sì ń gbé e tì sọ́tùn-ún sósì. "Ẹnì kan wá sẹ́yìn mi!" ló ń ké. "Ẹ wá sẹ́yìn!"

Kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n wo ojú Ọ̀gá. Òfin ṣì wà.

Ara kì í gbàgbé iṣẹ́. Bí Ọ̀pá Ẹ̀bìtì ṣe gbọ́ igbe yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ kó tó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti là, èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú bó ṣe máa ń tẹ̀ ní ọjọ́ pípẹ́. Ó mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ òun tẹ̀ gan-an, ó mọ̀ pé bí òun bá dé ibẹ̀, rọ́bà á dákẹ́. Ó ti fẹ́ẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà náà ló tajú kán rí onífọ́tò tó gbé kámẹ́rà sójú. Ó rántí àwọn fọ́tò ara ògiri. Ó rántí aṣọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ó wá tún rí fọ́tò tuntun kan lọ́kàn: Igbákejì níwájú, orí tirẹ̀ tó ń yọ lẹ́bàá èjìká rẹ̀, Mínísítà sì ń wò.

Ó yí padà. Ó gun orí pẹpẹ, ó fi ìka kan ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ fọkàn balẹ̀!" ló kígbe. "Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀!"

"Mọ́tò mi!" ni Mínísítà fi dá a lóhùn.

Ẹ má gbà pé ẹni rere ni Mínísítà o. Mọ́tò rẹ̀ ló wà lábẹ́ ògiri tó ń jó, ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì ti ń wú. Ó bọ́ kóòtù sọnù, ó sáré gba inú ẹrọ̀fọ̀ kọjá, ó lọ sẹ́yìn Igbákejì, ó di rọ́bà mú mọ́ ikùn. "Ẹ fi èjìká tì mí!" ni Igbákejì ké. "Ẹ tẹ̀ síwájú! Ẹ fẹsẹ̀ rinlẹ̀!" Mínísítà, ẹni tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti ìgbà tó ti wọ òṣèlú, gbọ́ràn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Rọ́bà dákẹ́. Omi lọ tààrà. Òrùlé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga wó lulẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n mọ́tò yè, iná kò sì kọjá síbi tí epo ọkọ̀ wà.

Nígbà tí èéfín dínkù, Mínísítà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn?"

"Òfin ni, sà," ni Aṣáájú Àkàbà dáhùn, ó di àgbọ̀n mú. "Wọ́n ní aṣáájú kì í wà lẹ́yìn. Aṣáájú sì ni gbogbo wa."

Mínísítà kọjú sí Igbákejì. "Ìwọ ńkọ́? Kí loyè tìrẹ?"

"Mo fìdí rẹmi, sà. Géètì ni wọ́n ní kí n ṣọ́."

Mínísítà fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n rò pé ó ń sunkún, ẹ̀rín ni. Lórí pẹpẹ, omi ti pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣùgbọ́n Ọ̀pá Ẹ̀bìtì ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti dé ibi tó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó sọ̀ kalẹ̀," ni Mínísítà wí. "Wọ́n fẹ́ kó àga."

Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí Igbákejì gba kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà, kí ọ̀gá àná máa lọ sílé, kó má sì padà wá. Ní ti ipò Ọ̀gá Àgbà orílẹ̀-èdè, àna Mínísítà ni wọ́n fún. Ayé kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́. Àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Dírẹ́bà ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tuntun, omijé ti wà lójú rẹ̀. "Ìyá wa! Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, pé ìgboyà ò lọ́wọ́, n kò sùn láti ọjọ́ náà!"

"Apá Agogo ti kán," ni obìnrin náà wí. "Wa ọkọ̀, ká gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo máa bá yín lọ. Tí a bá dé, ìwọ àti èmi la máa fọ ọkọ̀ yẹn."

Ọ̀pá Ẹ̀bìtì bá ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ní ìrọ̀lẹ́. Arúgbó náà ṣì wọ aṣọ tó rin, ó ń fún omi kúrò ní etí aṣọ náà. Ọmọ jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin náà ṣáà rí i. Àwọn ọ̀tá ló dìtẹ̀ mọ́ mi."

"Ọ̀tá wo? Iwájú lo ní kí n jókòó sí, gbogbo ẹ̀ ló ṣojú mi." Ó fi aṣọ sílẹ̀. "Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ké, mo rí ẹsẹ̀ rẹ. Ó ti gbéra, ó ti ń lọ. Mo ní háà, ọmọ mi rèé! Mo ti dìde dúró láti pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi ti wà lókè. O wá dá ẹsẹ̀ padà."

"Ẹ̀yìn ni ẹ fẹ́ kí n lọ, Ìyá? Lójú Mínísítà?"

"Mínísítà lọ."

Ìyá sì wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.